Ọkàn Tó Tóbi Ju Agbárí Lọ

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ kan ẹran apá Ànúolúwapọ̀, ó fi eyín há ètè rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ògiri iwájú rẹ̀. Kò sunkún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Níní, tó jókòó tì í lórí àpótí, ló ń ká ara kò bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń gún.

"Ṣé kí n dúró díẹ̀?" Samson bi í. Samson ló ni ṣọ́ọ̀bù tóóró náà, ní àdúgbò Akoka, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti máa ń wá fín tátù sára.

"Ẹ má dúró, bọ̀ọ̀dá," Ànúolúwapọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọkàn náà tóbi ju agbárí lọ."

Kì í ṣe ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, Samson sì lé e padà. Ó ní kó lọ mú ìwé ọjọ́ ìbí wá, nítorí òun kì í fín ara ọmọdé. Nígbà tó mú un dé, tí Samson rí i pé ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nínú oṣù Kejìlá, ó tún bi í pé kí ló fẹ́ fi agbárí òkú ṣe lára. Ó ní ní Bariga, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti sọ agbárí di tiwọn, kò sì sí oṣù kan tí ẹnì kan kì í wá bẹ òun pé kí òun fi àwòrán òdòdó bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni Ànúolúwapọ̀ sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Agbárí yẹn, ikú ni. Òun ló mú màmá mi lọ. Ọkàn tó wà lórí rẹ̀, màmá mi ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ikú kọ́ ló borí."

Samson fa àga, ó ní kó jókòó.

Serifat ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi láì yí orúkọ padà. Obìnrin ọlọ́yàyà ni. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí dókítà sọ fún un ní wọ́ọ̀dù pé ọkàn rẹ̀ ti wú kọjá bó ṣe yẹ, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "O ò rí i? Ọkàn mi ti tóbi jù fún àyà mi." Gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó kú.

Gbádégẹṣin, bàbá Ànúolúwapọ̀, jẹ́ òǹtẹ̀wé ní Bajulaiye, díákónì sì ni nínú ìjọ. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti àárọ̀ dalẹ́, fọ́tò ìyá ẹlòmíràn àti bàbá ẹlòmíràn ló ń jáde lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ arò tó ń mú omi bọ́ lójú ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìsìnkú tó fi ká gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀, ó kó wọn sínú páálí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí Ànúolúwapọ̀ bá ti lanu pe màmá rẹ̀, bàbá á ní, "Olúwa ló fúnni, Olúwa ló gbà á. Ó tó." Àwọn ará ìjọ ń yìn ín pé onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Lójú Ànúolúwapọ̀, ṣe ni wọ́n sin ìyá òun lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Samson parí iṣẹ́, ó fi nǹkan wé apá náà, ó sì kìlọ̀ pé kó má fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án. Wọ́n jọ ń rìn lọ sílé, wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Apẹja ni àwọn ará ilé Níní, láti etí òkun ní Oǹdó ni wọ́n ti wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bariga, ọmọbìnrin náà kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Mo bá ẹ lọ torí pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́," Níní wí. "Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ wọ omi máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó máa wá a, bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò tètè dé."

Ànúolúwapọ̀ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó ní bí òun bá sọ fún bàbá òun, kò ní gbà. Níní ní ìyẹn ò ní kó má sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ànúolúwapọ̀ fi wọ súwẹ́tà lọ sí ilé-ìwé nínú ooru tó ń mú gbogbo ènìyàn fi ìwé fẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, ó fà á sókè níbi ẹ̀rọ omi kó lè fọ ọwọ́. Kò mọ̀ pé Wonder wà lẹ́yìn òun. Kíláàsì kan náà ni òun àti Wonder wà, gbogbo ilé-ìwé ló sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ Wonder kì í kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin kan ládùúgbò tí wọn kì í ṣe ọmọ rere.

Wonder gbá ọwọ́ náà mú, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹni jẹ́jẹ́ bíi Ànúolúwapọ̀ náà ti wọ ẹgbẹ́. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti yí ká pé Ànúolúwapọ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ibi tí ìtàn yìí ti dun Ànúolúwapọ̀ jù láti sọ nìyí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó yẹ kó ti sọ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni. Kò sọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ojú àánú ni gbogbo ènìyàn fi ń wò ó, wọ́n á máa fohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹyin sọ̀rọ̀. Lójijì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó máa ń já a níwájú níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ń fún un láàyè. Ọmọkùnrin kan tó máa ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí i pẹ̀lú "ọ̀gá mi." Ó dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jẹ adùn ẹ̀rù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Wonder wá gba owó adùn náà. Ó ní lẹ́yìn ilé-ìwé, kí Ànúolúwapọ̀ bá òun lọ sí ilé kan lẹ́bàá Onípanu, kí àwọn kan lè mọ̀ ọ́n, nǹkan kan sì wà tí yóò bá wọn gbé sínú báàgì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa yẹ báàgì ọmọ díákónì wò.

Ànúolúwapọ̀ wo àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn Wonder, ó rí i pé gbogbo wọn ló ń retí bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá gbà, yóò máa jẹ ẹ̀rù náà lọ. Bó bá kọ̀, wọ́n á di ọ̀tá rẹ̀. Ó fa apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa. Màmá mi ni mo ya síbí, kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò bá yín ṣe, mi ò sì bá yín lọ síbì kankan. Mo dákẹ́ láti ọjọ́ Túsìdeè, mo ṣìṣe. Mi ò dákẹ́ mọ́."

Wonder sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ní kó lọ bó bá fẹ́ lọ, yóò rí i bóyá ẹnì kan máa gbà á gbọ́.

Lóòótọ́ kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó bọ́ súwẹ́tà. Ènìyàn burúkú kọ́ ni Adégbénró. Ó ti tẹ̀lé pósí akẹ́kọ̀ọ́ kan dé itẹ́ òkú rí nítorí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó sì ti búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú òun. Ó gbé pépà kan síwájú Ànúolúwapọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé òun jẹ́wọ́ pé òun ti darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn, òun ti ronú pìwà dà, òun yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó lọ sílé lọ pe bàbá rẹ̀, ìdánwò àṣekágbá sì ti ń kan ilẹ̀kùn.

Ànúolúwapọ̀ ka pépà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bírò wà lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án.

"Sà, mo fín ara mi, òfin ilé-ìwé sì ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ẹ fìyà rẹ̀ jẹ mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò ṣe."

"Wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta," Adégbénró wí, "o ò sì jiyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, nítorí òótọ́ ni. Ó tẹrí ba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ti bírò sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ dá a padà pẹ̀lẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Gbádégẹṣin kọ́kọ́ rí àwòrán náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò, kò sì tún wò ó mọ́.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tẹ ìwé ìsìnkú," ó wí. "Ṣé o mọ iye ọmọ tí mo ti tẹ fọ́tò wọn, tó jẹ́ pé irú àmì yìí ló sọ wọ́n di òkú?"

Ànúolúwapọ̀ ní òun kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ìyá bàbá òun tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ ìyá ìjọ, orúkọ wọn wà lápá wọn títí dòní, olóòlà ló fi abẹ fín in sí wọn lára nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́mọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

"Orúkọ nìyẹn. Kì í ṣe agbárí òkú."

"Dádì, ẹ ò jẹ́ kí n dárúkọ màmá mi nínú ilé yìí. Ẹ kó gbogbo fọ́tò wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara mi nìkan ló ṣẹ́kù tí mo lè kọ màmá mi sí."

Gbádégẹṣin dìde. Ànúolúwapọ̀ rò pé ó fẹ́ gbá òun létí, ó sì dúró kó gbá a. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wọ bàtà rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí Ànúolúwapọ̀ múra, kó máa lọ sí ilé-ìwé, pé òun ti parí ọ̀rọ̀. Inú Ànúolúwapọ̀ dùn. Ìgbà tó dé kíláàsì ló gbọ́ bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wá, ó ti bẹ Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, ó sì ti fọwọ́ sí pépà náà dípò ọmọ rẹ̀, pé lóòótọ́ ni ọmọ òun ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó sì ti ronú pìwà dà.

Níní ló kọ́kọ́ rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó dì í lápá mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀, ó ṣáà ti wọlé padà, ìdánwò ló ṣe pàtàkì. Ànúolúwapọ̀ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kò lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé gan-an ló gbà lọ. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ni ọ̀gá náà, Ìyáàfin Adéjìmí, kì í gbé ohùn sókè.

Ànúolúwapọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní ìwé kan wà nínú fáìlì òun tí òun kò fọwọ́ sí, irọ́ ló wà níbẹ̀, òun fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

"Bàbá rẹ ṣe é kó o lè ráyè ṣe ìdánwò," Ìyáàfin Adéjìmí wí. "Bí mo bá yọ ọ́, kí ni màá fi dípò rẹ̀? Ẹjọ́ rẹ á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ fún mi ní pépà."

Ìyáàfin Adéjìmí na pépà sí i. Ànúolúwapọ̀ jókòó sí igun, ó kọ ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó kọ ìtumọ̀ agbárí àti ìtumọ̀ ọkàn. Ó kọ ọ́ pé òun kò sọ fún bàbá òun. Ó kọ ohun tí Wonder ní kí òun gbé. Ó sì kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà, bí ó ṣe dùn mọ́ òun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù òun, apá yìí ló sì pẹ́ jù láti kọ. Ó fọwọ́ sí i.

Ìyáàfin Adéjìmí kà á. Nígbà tó parí, ó yọ pépà ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú fáìlì, ó fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló dájọ́. Ó ní òfin ni òfin ń jẹ́: wọ́n gba ipò olùtọ́jú yàrá ìkàwé lọ́wọ́ Ànúolúwapọ̀, ipò tó ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ kó tó dé ibẹ̀, yóò sì máa wọ aṣọ alápá gígùn títí yóò fi jáde. Ànúolúwapọ̀ dúpẹ́. Ó dùn ún nípa ti yàrá ìkàwé náà, ó sunkún rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ìyà tirẹ̀ ni, ó sì lè gbé e.

Wonder kò dárí jì í. Òun àti àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ lé e da omi sínú báàgì Ànúolúwapọ̀, wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé ìdajì ọ̀nà. Ànúolúwapọ̀ ń rìn lọ ní tirẹ̀, Níní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sáré, kò sì gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Ìyáàfin Adéjìmí pe òbí Wonder, ìyẹn náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé ló le jù. Gbádégẹṣin gbọ́ pé ọmọ òun ti lọ fagi lé ohun tí òun fọwọ́ sí. "O sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn," ni gbogbo ohun tó sọ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn.

Báyìí ni wọ́n wà títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, Ràsákì, òǹtẹ̀wé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí ti bàbá rẹ̀, pe Ànúolúwapọ̀ lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pépà ti gé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ti gbé e dé ọsibítù, kó máa bọ̀ kíá.

Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ kún aṣọ Ràsákì láti àyà dé orókún. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà nù ti pọ̀ jù, àwọn fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀. Ànúolúwapọ̀ mọ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni òun àti bàbá òun ní, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó ní kí wọ́n gba tòun. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì na ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì náà wo apá náà, ó dúró.

"Ìgbà wo lo fín èyí?"

"Oṣù Kìíní, mà."

"Kò tíì pẹ́ tó. A kì í gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ara. Bí àrùn bá ti ara abẹ́rẹ́ wọlé, ó lè má tíì hàn."

Ànúolúwapọ̀ ní abẹ́rẹ́ tuntun ni, ojú òun ni wọ́n ṣe já ọ̀rá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé ó purọ́. "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mò ń dáàbò bò," ó wí. "Lọ wá ẹlòmíràn wá. Má fi àkókò ṣòfò níbí."

Ẹnu Ànúolúwapọ̀ ti là láti jiyàn, ó sì pa á dé. Ó ti kọjú sí Wonder, ó ti kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, ó ti kọjú sí bàbá rẹ̀, nítorí irọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ kó gbà. Èyí kì í ṣe irọ́. Kò sí ìgboyà tó lè yí ohun tí obìnrin yìí sọ padà, ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tó fín sára nítorí ìyá rẹ̀ ló dí i lọ́wọ́ láti fún bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá wí.

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó pe Níní. Kò ṣàlàyé púpọ̀. Ràsákì ti fún wọn ní tirẹ̀ láti yẹ̀ wò, kò bára mu. Kò tó wákàtí kan tí Níní fi dé pẹ̀lú Fọlọ́runṣọ́, àbúrò bàbá Níní, àti apẹja méjì mìíràn. Etí omi ni wọ́n ti wá tààrà, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lára ṣòkòtò wọn. Àwọn ọkùnrin yìí kò mọ Gbádégẹṣin rí. Nígbà tí Ànúolúwapọ̀ kúnlẹ̀ tó ń dúpẹ́, Fọlọ́runṣọ́ ní kó dìde, pé ẹni tí omi bá ń gbé lọ, a kì í kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ̀jẹ̀ Fọlọ́runṣọ́ àti ti ọ̀kan nínú àwọn yòókù bá a mu.

Gbádégẹṣin yè é. Ìka méjì ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ràsákì ti sọ gbogbo bó ṣe lọ fún un. Ó ń wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí i," ó wí.

Ànúolúwapọ̀ fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ kò gbójú kúrò. Ó wo agbárí náà, ó wo ọkàn pupa ràgàjì tó gùn ún lórí bí ẹni gun ẹṣin. Ó bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa ọkàn tó tóbi jù fún àyà.

"Mi ò mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Serifat. Àwàdà rẹ̀ nìyẹn." Láti oṣù Kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dárúkọ náà. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò ní lè dákẹ́ mọ́. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé irọ́. Mo ti sin ẹnì kan, mi ò fẹ́ pàdánù ìwọ náà."

Ànúolúwapọ̀ ní òun náà jẹ̀bi, ó yẹ kí òun kọ́kọ́ sọ fún un. Ó ní bí kò bá tilẹ̀ gbà, òun ì bá ti sọ ọ́.

"Kò wù mí síbẹ̀," bàbá rẹ̀ wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Bí o bá bi mí lónìí, màá ní rárá."

"Mo mọ̀, Dádì. Èmi náà ò sì ní pa á rẹ́."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora wà lójú rẹ̀. Ó ní orí kunkun yẹn, ti Ìsẹ́yìn ni.

Ànúolúwapọ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, ó ká apá aṣọ náà sókè ní ẹnu géètì, ó sì ń lọ sílé nínú oòrùn. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì ìsàlẹ̀, Munirat lorúkọ rẹ̀, sáré bá a. Ó ní òun ń wò ó láti ọjọ́ yìí, bó ṣe kọ̀ fún gbogbo wọn, òun náà fẹ́ fín irú rẹ̀ gan-an, agbárí àti ọkàn, kó jọ̀ọ́ kó fi ṣọ́ọ̀bù Samson han òun.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹ?" Ànúolúwapọ̀ bi í.

Munirat ronú. Ó ní ó rẹwà. Ó ní kò sẹ́ni tó máa lè yọ òun lẹ́nu.

"Wọ́n máa yọ ẹ́ lẹ́nu," Ànúolúwapọ̀ wí. "Wọ́n yọ mí lẹ́nu, mo pàdánù ipò mi, lọ́jọ́ tí bàbá mi sì nílò ẹ̀jẹ̀, mi ò lè fún wọn. Mo mọ ohun tí mo fi í ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi lè gbé gbogbo rẹ̀. Ìwọ ò tíì mọ tìẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan gbé àmì lé ẹ lára, má sì gba àmì ẹlẹ́ni wọ̀ torí kí wọ́n lè bẹ̀rù ẹ. Bí wọ́n bá parọ́ mọ́ ẹ, kọ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, bó ti wù kó korò tó, gbà á. Lọ sílé, kọ́kọ́ bá àwọn tó fẹ́ràn ẹ sọ̀rọ̀."

Munirat wò ó bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, ó sì yí padà. Ànúolúwapọ̀ ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní ìkóríta, ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé pòṣé sí apá rẹ̀, ó ní ọmọ ayé òde òní. Ànúolúwapọ̀ dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, kò sì fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀.

"Màmá mi ni, sà," ó wí. "Serifat lorúkọ wọn."